Ẹrù Oníẹrù: Ìwà Ọmọlúàbí Níbi Tí Ojú Ọlọ́jà Kò Tó

Láyé àwọn bàbá wa, ọ̀pọ̀ ọjà ló wà lójú ọ̀nà oko tí ẹnikẹ́ni kò dúró tì. Ìyá àgbẹ̀ a gbé iṣu tàbí ọsàn sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, a to òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi iye rẹ̀ hàn, a sì gba oko lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rà á a ka òkúta náà, a fi owó tó bá a mu sílẹ̀, a gbé ọjà, ó di ilé. Nígbà tí ọlọ́jà bá fi máa dé ní ìrọ̀lẹ́, owó rẹ̀ ti ń dúró dè é. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí lónìí sábà máa ń mí kanlẹ̀, wọ́n á ní ayé ti bàjẹ́. Lójú tèmi, ìdánwò tó wà nínú ìtàn náà kò tíì kúrò láàrin wa. Ó kàn ṣí kúrò lójú ọ̀nà oko ni. Ibi tí mo ti ń bá a pàdé ni yàrá kékeré kan ní Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀rọ ti ń kùn yunmuyunmu tọ̀sán-tòru, tí mo sì máa ń dá wà pẹ̀lú ẹrù ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọ orúkọ mi.

Iṣẹ́ mi ni ìtọ́jú database, ìyẹn ibi tí à ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó yé tọmọdé tàgbà. Iye tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti dá, iye tó yá, ọjọ́ tó yẹ kó san án padà, ẹni tó ṣe onídùúró fún un, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú àwọn fáìlì kan lórí dísìkì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ nínú server, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú wọn. Ọdún ń gorí ọdún, àkọsílẹ̀ ń pọ̀ sí i, dísìkì ń kún. Bó bá kún dé ẹnu, database kò ní rí àyè kọ ohun tuntun sí mọ́. Owó tí ìyá oníṣòwò kan san láàárọ̀ kò ní rí ojú ewé tí yóò jókòó sí. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ra dísìkì tó tóbi ju ti àtijọ́, kó sì kó àwọn fáìlì náà lọ sórí rẹ̀. Òru la máa ń ṣe é, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti sùn.

Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ìmọ̀ iṣẹ́ lè gbé ẹrù náà kúrò níbi tó wà, ṣùgbọ́n ìwà ọmọlúàbí ló ń mú un gúnlẹ̀ ní pípé. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe náà kò bèèrè bóyá ẹni tó ránni wà nítòsí tàbí kò sí. Ó fi iṣẹ́ lé ìwà ẹni tí a rán lọ́wọ́.

Bí a bá fẹ́ yin ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, a máa ń sọ pé orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, ẹni tí wọ́n ní ó ń gba àjọ lọ́wọ́ ogunlọ́gọ̀ ènìyàn láì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọpọlọ ọkùnrin náà la ń yìn. Mo máa ń bi ara mi léèrè pé, ká ní ó rántí owó gbogbo wọn, tó wá sẹ́ ìdajì ńkọ́? Orí pípé náà ni yóò fi mọ ẹni tó yẹ kó rẹ́ jẹ, tí onítọ̀hún kò sì ní fura. Ohun tó mú kí orúkọ rẹ̀ ṣì dùn lẹ́nu wa títí dòní ni pé oníkálùkù gba owó rẹ̀ pé. Ọpọlọ ló fi rántí. Ìwà ló fi dá a padà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde lórí ìwàpẹ̀lẹ̀ ní 1975, tọ́ka sí i pé inú ọ̀rọ̀ náà «wà» ni «ìwà» ti jáde. Àlàyé yìí bá iṣẹ́ mi mu ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Lójú ẹgbẹ́, ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá sọnù kò sí. Kò dá owó rí, kò sì ní ẹ̀tọ́ àtiyá kọ́bọ̀. Ó lè dúró síwájú tábìlì akọ̀wé pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀rọ yóò ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ìwà ẹni tó ń kó fáìlì lóru ni yóò sọ bóyá ẹni ẹlẹ́ni yóò wà ní òwúrọ̀.

Ẹ wá wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an. Ọ̀rọ̀ sísọ ló ṣáájú. Ọjọ́ bíi mélòó kan kí ó tó di alẹ́ ọjọ́ náà, a ó fi tó àwọn tó ń lo ẹ̀rọ létí pé láti aago báyìí sí aago báyìí, kò ní dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá pa ẹ̀rọ mọ́ àwọn ènìyàn lójú láì sọ fún wọn ti gba àkókò wọn láì tọrọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, a ó sì ṣí i lórí ẹ̀rọ mìíràn láti mọ̀ bóyá ó pé. Mo ní ìwé àjákọ kan tí mo máa ń kọ iye ọmọ ẹgbẹ́ sí, àti àròpọ̀ owó wọn dé orí kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Báírò ni mo fi ń kọ ọ́, lórí bébà, nítorí pé bébà kò sí lára ohun tí mo fẹ́ gbé.

Database tí mo ń lò jù ni PostgreSQL, èyí tí Michael Stonebraker àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1986 ní Yunifásítì California ní Berkeley. Ohun kan wà lára rẹ̀ tí mo fẹ́ràn: kì í kọ àyípadà kankan sórí fáìlì gan-an láì kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé kan tí mo máa ń pè ní ìwé ẹ̀jẹ́. Bí iná bá lọ lójijì, ìwé ẹ̀jẹ́ yìí ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò nígbà tó bá jí, a sì parí ohun tó ti ṣe ìlérí rẹ̀. Nítorí náà, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú fáìlì, apá kan wà nínú ìwé ẹ̀jẹ́, apá kan ṣì wà lọ́kàn ẹ̀rọ tí kò tíì dé orí dísìkì. Ẹni tó bá kàn da fáìlì rẹ̀ kọ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ tó ń hó kúrò lórí ààrò: èyí tó dé ọ̀hún kò ní jẹ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí a kọ́kọ́ dà á kọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí èyí tó pọ̀ jù lè ti dé orí dísìkì tuntun. Lẹ́yìn náà, a ó dá a dúró pátápátá, a ó jẹ́ kó parí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, a ó wá tún un dà kọ kí gbogbo ohun tó ti yí padà lè bá ara wọn dọ́gba. Ìgbà kejì yìí ló ṣe pàtàkì, òun náà ló sì rọrùn jù láti fojú fò. Aago méjì òru ti lù, oorun ń kunni, ọkàn ń sọ pé èyí tó ti lọ yẹn náà tó. Bí kò bá tó, ta ni yóò mọ̀ lálẹ́ yẹn? Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Bóyá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ni ìyá kan yóò tó rí i pé owó ọ̀sẹ̀ kan kò sí nínú ìwé òun, tí wọ́n á sì pè é ní onírọ́. Nítorí ìyá tí kò tíì sunkún yẹn ni a kò gbọdọ̀ fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ọ̀rọ̀ àṣírí tún wà níbẹ̀. Ẹni tó lè kó fáìlì lè kà á. Mo mọ bí mo ṣe lè rí iye tí aládùúgbò mi jẹ, ẹni tó kọ̀ láti ṣe onídùúró fún àbúrò rẹ̀, àti ẹni tó ń múra láti gba gbogbo owó rẹ̀ jáde. Òfin Ààbò Dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 kà á léèwọ̀ láti máa fi ọ̀rọ̀ ènìyàn ṣe ohun tí kò tìtorí rẹ̀ fi síkàáwọ́ wa. Òfin dára, ṣùgbọ́n kì í jókòó tini lóru. PostgreSQL fúnra rẹ̀ ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ níbí: bí àpò tí fáìlì rẹ̀ wà bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kò ní ṣiṣẹ́, àfi kí a tì í mọ́ àwọn tí kò kàn. Bí ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀mí bá lè sọ pé òun kò ní lanu títí àṣírí yóò fi bò, kí ló yẹ kí ọmọ ènìyàn sọ?

Lórí àwọn ẹ̀rọ mìíràn, olùṣọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní SELinux. Ibi tó mọ̀ pé database máa ń gbé ló ń jẹ́ kó wọ̀. Bí a bá kó o lọ sí ibi tuntun láì sọ fún olùṣọ́, yóò dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀nà méjì ló wà. A lè pa olùṣọ́ náà, iṣẹ́ á sì lọ lójú ẹsẹ̀. A sì lè fi ibi tuntun náà hàn án bí ó ti yẹ, èyí tó gba ìwé kíkà àti sùúrù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń yan ti àkọ́kọ́, wọ́n á ní àwọn yóò padà jí i bó bá yá, ọjọ́ náà kì í sì í dé. Olè tó bá wá lẹ́yìn ọdún kan kò ní bá ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó pa olùṣọ́ á sì ti gbàgbé.

Èmi náà ti kọsẹ̀ rí. Alẹ́ Sátidé kan ni mo kó fáìlì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan lọ sórí dísìkì tuntun. Gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ nínú ìwé àjákọ mi ló pé, inú mi dùn, mo lọ sùn. Ohun kan ṣoṣo ni n kò ṣe: n kò kọ orúkọ dísìkì tuntun náà sínú fáìlì tí server máa ń kà nígbà tó bá jí, èyí tó ń sọ fún un dísìkì tó yẹ kó so mọ́ ara rẹ̀. Bí server kò bá ti sùn, kò sí ìyọnu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, NEPA mú iná lọ lóru, bátìrì inverter tán, server kú. Nígbà tí iná dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó jí, kò rí dísìkì, database kọ̀, kò ṣí.

Ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ san owó ẹ̀yáwó fún àwọn tí ọmọ wọn fẹ́ wọlé sílé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo fi máa dé, èrò ti kún gbọ̀ngàn, wọ́n ti ń fi ìwé pélébé fẹ́ ara wọn. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó sórí báàgì ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé-ẹ̀kọ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi rí ohun tí mo gbàgbé, tí mo sì tún un ṣe. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bi mí pé, «Ọmọ mi, kí ló dé gan-an? Ṣé NEPA ni?»

Irọ́ náà ti wà ní sẹpẹ́, akọ̀wé fúnra wọn ló gbé e fún mi. Kò sẹ́ni tó máa jiyàn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, «Mà, ẹ jọ̀ọ́, iná lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi ni. Ohun kan wà tó yẹ kí n kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ṣe iṣẹ́ yẹn, n kò kọ ọ́.» Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, «O ṣeun. Ká ní o ní NEPA ni, bátìrì tuntun ni à bá lọ fi owó ẹgbẹ́ rà.»

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ti rò pé òótọ́ tí mo sọ, ọ̀rọ̀ láàrin èmi àti ẹ̀rí ọkàn mi ni. Màmá akọ̀wé fi hàn mí pé irọ́ mi ì bá jẹ owó olówó, àbùkù náà ì bá sì ṣì wà nínú ẹ̀rọ, tí yóò máa dúró de ọjọ́ mìíràn tí iná yóò lọ. Irọ́ kì í pa ẹ̀bi rẹ́. Ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ síbi tí ẹlòmíràn yóò ti kọsẹ̀ lára rẹ̀ ni.

Àpẹẹrẹ tó tóbi ju tèmi lọ wà tí gbogbo ayé rí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, níbi tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí, ń bá server méjì fínra. Ó yẹ kí ti kejì máa ṣe ẹ̀dà ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò lè bá a rìn mọ́. Ilẹ̀ ti ṣú, òṣìṣẹ́ náà ti ń múra àtikúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí wàhálà náà tó yọjú. Ó fẹ́ pa fáìlì tó wà lórí ti kejì rẹ́ kí ẹ̀dà ọ̀tun lè bẹ̀rẹ̀. Orí ti àkọ́kọ́, èyí tí gbogbo ènìyàn ń lò, ló wà nígbà tó tẹ àṣẹ náà. Ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì ni ó fi rí àṣìṣe rẹ̀. Nínú nǹkan bíi gígábáìtì 300, bíi 4.5 péré ló kù.

Wọ́n sáré lọ síbi ẹ̀dà ìpamọ́, wọ́n bá a lófìfo. Irinṣẹ́ tó yẹ kó máa ṣe ẹ̀dà ti ń kùnà, nítorí pé ti PostgreSQL 9.2 ni, nígbà tí database wọn jẹ́ 9.6, lẹ́tà tó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tó yọ wọ́n ni ẹ̀dà dísìkì kan tí òṣìṣẹ́ yẹn kan náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, fún iṣẹ́ mìíràn. Síbẹ̀, iṣẹ́ bíi wákàtí mẹ́fà sọnù, dídá ìyókù padà sì gba nǹkan bíi wákàtí 18, nítorí pé dísìkì tí wọ́n ń kó o bọ̀ láti orí rẹ̀ lọ́ra.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni mo fi ń rántí wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àtúnṣe lọ́wọ́, wọ́n ṣí ìwé iṣẹ́ wọn sílẹ̀ kí ará ayé máa kà á, wọ́n sì gbé iṣẹ́ àtúnṣe náà sí orí YouTube kí ẹni tó bá fẹ́ máa wò ó. Nínú àlàyé tí wọ́n kọ níkẹyìn, wọ́n sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀, wọn kò sì pe orúkọ òṣìṣẹ́ náà. Wọ́n bi ara wọn ní ìbéèrè tó wúwo jù: èé ṣe tí kò sẹ́ni tí ó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti máa yẹ ẹ̀dà ìpamọ́ wò? Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó jìn sí i bá yọ jáde tó gbọn ara rẹ̀ nù tó dákẹ́, ta ni yóò gbọ́n?

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ni gbogbo èyí, pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa kò nílò ìwàásù. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀. Òun ni mo ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo àwọn ìtàn méjèèjì. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ orúkọ dísìkì sílẹ̀. Àwọn ará GitLab mọ̀ pé ẹ̀dà tí a kò dán wò kò ṣeé gbára lé. Àwọn ìgbésẹ̀ méjèèjì yìí kì í ṣe ohun àìmọ̀. Ohun tó ṣaláìtó ni ìwà tó ń mú ènìyàn padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tó ti dá a lójú.

Ẹlòmíràn á ní owó oṣù kéré, pé ta ni yóò ṣe irú wàhálà yìí fún ẹni tí kò mọ rírì rẹ̀. Ìkùnsínú náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìwà ọmọlúàbí kì í ṣe ti ẹni tí a rán nìkan. Ọ̀gá tó ní kí ẹnì kan ṣoṣo dá ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko, tí kò fún un ní ẹnì kejì tí yóò bá a wo ohun tó fẹ́ tẹ̀, ti lọ́wọ́ nínú àṣìṣe tó bá ṣẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ bá ọ̀gá sọ ọ́ ní gbangba, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi ẹrù ìyá tó jókòó sórí báàgì gba ẹ̀san lára ọ̀gá. Ìyá náà kọ́ ló ń san owó oṣù.

Dísìkì àtijọ́ ló kù. Bí database bá ti ṣí lórí tuntun, tí ohun tó wà nínú ìwé àjákọ sì bá ti ojú ẹ̀rọ mu, ọwọ́ á máa yún ni láti pa ti àtijọ́ rẹ́ kí a lè sọ pé iṣẹ́ parí. Kò tíì parí. Ó yẹ kó wà níbẹ̀ títí oṣù kan ó kéré tán, títí ẹ̀rọ á fi kú tó sì jí, títí wọ́n á fi ṣe ìṣirò òpin oṣù lórí tuntun. Ìyẹn ni sùúrù. Nígbà tí oṣù bá sì pé, kí a má kàn jù ú sínú páálí ẹrù àlòkù. Ẹlòmíràn lè rà á lọ́jà kó sì ṣí gbogbo àṣírí ẹgbẹ́ síta. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ nu ohun tó wà lórí rẹ̀ nù kanlẹ̀, tàbí kí a fọ́ ọ. Ìyẹn ni ìpamọ́. Ẹni tó yára pa á rẹ́ àti ẹni tó gbàgbé láti pa á rẹ́, àwọn méjèèjì ti gbàgbé ẹni tó ni ẹrù.

Ti ẹgbẹ́ yẹn, òòlù ni mo fi fọ́ ọ, lójú akọ̀wé, lẹ́yìn tí mo ti nù ún tán. Wọ́n kó àfọ́kù rẹ̀ sínú ọ̀rá, wọ́n dì í. Lọ́jọ́ náà gan-an, ìyá kan wọlé wá bèèrè iye tó kù nínú ìwé rẹ̀. Akọ̀wé tẹ orúkọ rẹ̀, iye náà yọ. Ìyá náà yọ ìwé kékeré kan láti inú àpò rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà tó kẹ́yìn níbẹ̀, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.